Obìnrin Méjìdínlọ́gọ́ta ní Glen Orrin

Ọjọ́bọ̀, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà, 1893

Ó ti ṣẹlẹ̀! Gómìnà ti fọwọ́ sí òfin náà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwa obìnrin náà yóò máa dìbò bíi ti àwọn ọkùnrin. Awakọ̀ ìfìwéránṣẹ́ kò tíì dá ẹṣin dúró tí ó ti ń pariwo láti orí òkè pé, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jáde wá gbọ́!" Mò ń fún ọ̀dọ́ àgùntàn kan tí ìyá rẹ̀ kú lánàá ní wàrà. Mo ju ìgò sílẹ̀, mo sá jáde láìwọ bàtà sínú ẹrọ̀fọ̀ tútù. Rab ọkọ mi rò pé ilé ló ń jó. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba fún mi, ó ní, "Ẹ kú oríire, ọ̀gá mi. Ṣé oúnjẹ ọ̀sán ṣì máa wà báyìí?" Mo fi aṣọ ìnuwọ́ gbá a létí.

Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀.

"Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti wà nílùú yìí láìdìbò," ó ní. "Ṣé o rí i kí ojú ọ̀run já lulẹ̀?"

"Rárá, Màmá."

"Ó dáa. Lọ wo búrẹ́dì rẹ, ó ń jóná."

Ó sì ń jóná lóòótọ́. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó korò.

Àbámẹ́ta, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo bá Rab lọ sí Ardmuir. Ó ń ra ìyẹ̀fun, èmi sì gba ọ́fíìsì akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ lọ tààrà, ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Prosser ni akọ̀wé náà ń jẹ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí yíǹkì ti kùn ní ìka. Ó ní obìnrin kankan kò tíì wá láti apá ọ̀dọ̀ wa. Èmi ni àkọ́kọ́! Mo jókòó, mo fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi tí mo fi gba ẹ̀bùn nílé ìwé kọ fọ́ọ̀mù náà: Mísíìsì Robert Kinnaird, Glen Orrin, iṣẹ́ ilé. Rab ṣe ẹlẹ́rìí, ó kọ Robert, orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọ̀gbẹ́ni Prosser wà lẹ́nu ariwo pẹ̀lú ọkùnrin kan lórí ààlà ilẹ̀, kò wò ó, ó kàn jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ó fún mi ní òfìfo fọ́ọ̀mù ọgọ́ta, ó ní òun yóò ti ìwé orúkọ náà pa ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ kẹjọ oṣù Nòfẹ́ńbà, ẹni tí kò bá sí nínú rẹ̀ kò ní dìbò. Ìdìbò di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.

Bọ́tà ti já sí pẹ́nì mẹ́fà. Kò dùn mí rárá. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi kọrin dé ilé.

Àbámẹ́ta, 30 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìpàdé wa nílé ìwé lónìí. Hester Tozer, ìyàwó alágbẹ̀dẹ, ló bá mi pè é. Mo ti ka àfonífojì wa láti ilé dé ilé: obìnrin méjìdínlọ́gọ́ta ló máa tó ọjọ́ orí ìdìbò kí wọ́n tó ti ìwé pa, èmi náà sì wà nínú wọn. Mo rò pé mẹ́wàá ni yóò wá. Ogójì ló dé! Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n gbé kéèkì, ìyá kan gbé adìyẹ tí ó ń ṣàìsàn wá nítorí kò rí ẹni fi í tì.

Hester gun orí àga. "Ẹ gbọ́ mi," ó ní, "nígbà ìdìbò ilé ìgbìmọ̀ tó kọjá, ìbò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Fairlie fi na Gilroy. Gilroy fẹ́ kọ́ afárá sórí odò wa. Fairlie kò fẹ́, nítorí ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà kọjá. Mélòó ni wá? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀!" Ilé dàrú. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹnì kan tí odò yẹn ti gbé lọ. Duncan, baba Rab, wà lára wọn.

Wọ́n ní kí n máa bá wọn kọ ọ́ nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi mọ́. Mo kọ ogójì fọ́ọ̀mù, wọ́n ń fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé, nítorí náà Tozer alágbẹ̀dẹ fi irin rẹ̀ sílẹ̀ ó wá. Ojú àtàǹpàkò dúdú kan wà lórí gbogbo fọ́ọ̀mù wa báyìí. Hester ní èdìdì ìjọba ni.

Àìkú, 1 Òkìtóbà

Àlùfáà wàásù lórí Màtá tó dúró sí ilé ìdáná. Ojú mi ló ń wò. Mo wò ó padà.

Ajé, 9 Òkìtóbà

Háà, ẹ̀rín fẹ́ pa mí! Èmi àti Màmá lọ ra tíì. Hallinan onílé-ọtí dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí rẹ̀, àwọn ọ̀mu tí kì í kúrò níbẹ̀ sì yí i ká. Ó ní, "Ẹ kú òṣèlú o! Ta ló ń dáná nílé? Ṣé kí àwa ọkùnrin ti máa kọ́ bí a ṣe ń fún ọmọ lọ́mú?"

Mo ti la ẹnu. Màmá ti ṣíwájú mi.

"Cornelius Hallinan," ó ní, "èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ. Orí rẹ tóbi nígbà yẹn náà, a sì ń retí pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀."

Àwọn ọ̀mu yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí ara wọn. Hallinan pọ́n bí ata. A rìn dé ẹnu geeti. Màmá wá ní, "Mú ọ̀kan wá nínú àwọn ìwé yẹn." Ó fọwọ́ sí i lórí àpò ìyẹ̀fun: Mísíìsì Duncan Kinnaird. Ó ní kì í ṣe nítorí pé òun gbà fún mi o, ó kàn jẹ́ pé òun kò ní jẹ́ kí ọmọ tí òun fọ ìdí rẹ̀ fi òun ṣẹ̀sín.

Ó di mọ́kànlélógójì. Àárọ̀ ọ̀la ni ìdì fọ́ọ̀mù náà ń lọ sí Ardmuir.

Ọjọ́rú, 18 Òkìtóbà

Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà.

Gbogbo rẹ̀! Mọ́kànlélógójì, ní ìdì kan náà, pẹ̀lú lẹ́tà Ọ̀gbẹ́ni Prosser. Ó ní òfin kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Mísíìsì Albert, Mísíìsì Hugh àti Mísíìsì Duncan. Albert ti wà nínú ìwé òun, Hugh náà ti wà, Duncan sì ti kú láti ọdún méjìlélógún. Orúkọ tí wọ́n sọ obìnrin náà fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ ìsàmì ni òun fẹ́, kí ó kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù kan náà, kí ó sì tún fọwọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ìbò.

Ara mi gbóná, ojú tì mí. Èmi ni mo kọ gbogbo wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni à bá tún ṣe kọ ọ́? Báyìí la ṣe ń pe ara wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, báyìí la ṣe ń kọ ọ́ sára lẹ́tà àti sára àpótí. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ó léèmejì. Mo jókòó sílẹ̀ ní ilé ìdáná, mo sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà inú bí mi, ìyẹn sì ràn mí lọ́wọ́ ju ẹkún lọ. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló kù. Mo tú ìdì náà, mo ka orúkọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ilé ẹni tí mo máa kọ́kọ́ dé sílẹ̀.

Màmá kò gbà. "Mi ò ní orúkọ kejì," ó ní. "Ti Duncan ló tó mi."

"Màmá, ẹ kúkú ní ọ̀kan kí ẹ tó pàdé rẹ̀."

"Ìyẹn ti pẹ́. Gbé tíì wá."

Àbámẹ́ta, 21 Òkìtóbà

Mo gun ẹṣin láti àárọ̀. Ilé mẹ́sàn-án. Ìdí ń dùn mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn ju ìdí mi lọ!

Hugh Baird wà lẹ́nu ọgbà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ ìyàwó yín?"

Ó họ orí. "Ìyá àwọn ọmọ."

"Èyí tó bá wá láti ilé bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ṣé ó ní òmíràn ni?"

Ohùn kan jáde láti inú ilé wàrà: "PHILADELPHIA!" Hugh jókòó sórí koríko. Ó ní ẹ̀rù ló bà òun níwájú pẹpẹ, òun kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí àlùfáà sọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyí. Ìyàwó rẹ̀ jáde, ó nu ọwọ́, ó fọwọ́ sí ìwé, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "O lè máa pè mí ní Philly tó bá gùn jù fún ẹ." Nígbà tí mo fi ń lọ, mo ń gbọ́ Hugh tí ó ń dán an wò lábẹ́lẹ̀.

Ajé, 23 Òkìtóbà

Mo dé ọ̀dọ̀ ìyàwó Yelland lórí òkè, níbi tí olùṣọ́-àgùntàn nìkan ń gbé. Kò tíì rí obìnrin mìíràn láti oṣù Júnì. Ó dì mọ́ mi, kò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Kò mọ̀wé, ó sì lè fi àmì lásán sí i, òfin gbà á. Ó kọ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun kí òun wò ó. Ó fi èédú kọ Thirza, orúkọ rẹ̀, sórí òkúta ààrò títí òkúta náà fi kún, ó ń pariwo mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń lé màlúù. Ìgbà tí ó kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù, lẹ́tà mẹ́ta kọjú sí ọ̀run, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Mo sùn níbẹ̀ nítorí òjò. Ẹran àgùntàn oníyọ̀ àti ọ̀dùnkún la jẹ.

Ẹtì, 27 Òkìtóbà

Mò ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́ ní àárọ̀ yìí, ọwọ́ mi kún. Màmá wọlé, ó dúró lẹ́yìn mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ iyọ̀ ló fẹ́ bá mi sọ.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní. "Bethia."

Mo yí padà. Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, n kò gbọ́ ọ rí.

"Ìyá mi ló pè é kẹ́yìn, létíkun ní Greenock, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tó gbé wa wá síbí ń ṣí. Duncan ń pè mí ní ìyàwó, lẹ́yìn náà ó ń pè mí ní ìyá Rab. Kí ni o ń wò? Lọ fọ ọwọ́ rẹ kó o kọ ọ́ kí n tó yí ọkàn padà."

Mo fọ ọwọ́, omi ń kán sílẹ̀ níbi gbogbo. Ó mú kálàmù lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Mo fẹ́ fi ẹnu kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní kí n má fi ìyẹ̀fun ba ìborùn òun jẹ́.

Ẹtì, 3 Nòfẹ́ńbà

Méjìléláàádọ́ta! Àwọn tí kò wá sí ìpàdé náà ti ń wá bá mi báyìí. Ìrẹ́run àgùntàn ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin mọ́kànlá ló ń jẹun nílé wa, mo ń sè láti agogo mẹ́rin. Irun àgùntàn kò ju pẹ́nì mẹ́rin lọ ní pọ́n-ùn kan, ojú Rab sì fà ro. Mo fún un ní kéèkì kejì.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń fẹ́ láti orí òkè wá.

Ajé, 6 Nòfẹ́ńbà

Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta! Ó pé! Èyí tó kẹ́yìn, ọmọbìnrin Tozer tí ó pé ọdún mọ́kànlélógún lánàá, fọwọ́ sí tirẹ̀ kí ó tó gé kéèkì ọjọ́ ìbí rẹ̀. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nínú ìdì, pẹ̀lú tèmi tó ti wà ní Ardmuir: gbogbo obìnrin Glen Orrin láìku ẹnì kan.

Ṣùgbọ́n odò ti kún. Afẹ́fẹ́ yẹn ti yọ́ yìnyín orí òkè. Omi pupa ń bì, ó ń gbé odindi igi. Awakọ̀ ìfìwéránṣẹ́ padà, ó ní òun kò ní kọjá ṣáájú Àbámẹ́ta. Ọjọ́rú ni wọ́n ń ti ìwé pa. Rab lọ wo ibi tí wọ́n ń gbà kọjá, ó padà pẹ̀lú aṣọ tó rẹ dé àyà, ó mi orí. 

Ìṣẹ́gun, 7 Nòfẹ́ńbà

Ọ̀nà kan ló wà, gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Fairlie ní àpótí kan tí wọ́n so rọ̀ sórí okùn wáyà, níbi tí odò ti há láàárín àpáta méjì. Òun ni àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ń kọjá. Fairlie, tí a ń ṣe gbogbo làálàá yìí nítorí kí a lè yọ ọ́!

Mo ní èmi yóò lọ bẹ̀ ẹ́. Màmá ti wọ fìlà rẹ̀. "Ìwọ? Ẹnu rẹ dùn jù. Ó máa rò pé o ní ẹ̀tàn."

Fairlie jáde fúnra rẹ̀ sí ìloro. Arúgbó tó ń wọ aṣọ tó mọ́ ni, ó fa àga fún Màmá. "Ìyá Kinnaird, kí ni kí n ṣe fún yín?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Màmá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi.

"Ọ̀gbẹ́ni Fairlie, ìwé tí wọ́n fẹ́ fi lé ọ kúrò nílé ìgbìmọ̀ ló wà nínú àpò yìí. A fẹ́ kí o bá wa gbé e kọjá odò."

Ká ní mo lè bẹ ilẹ̀ ni, ì bá lanu gbé mi mì. Fairlie wo àpò, ó wo Màmá, ó wá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Gbogbo wọn ló fẹ́ lé mi?"

"Èmi ò mọ tiwọn."

"Tiyín ńkọ́?"

"Mi ò tíì pinnu."

"Ẹ wá lágogo méje àárọ̀ ọ̀la," ó ní. "Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé omi ló bá mi borí ìbò."

Ní ọ̀nà ilé, Màmá ń mi orí. "Ọmọlúàbí ni," ó ní. "Ó lè jẹ́ pé òun ni mo máa dìbò fún." Mo gbé e mì. Ó pẹ́ tí nǹkan ti dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9 Nòfẹ́ńbà

Mo sùn di ọ̀sán ní Ardmuir, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé lálẹ́ yìí. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kí n tó gbàgbé.

Fairlie fúnra rẹ̀ ló yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Àpótí náà kò tóbi ju ibùsùn ọmọdé lọ. Mo so ìdì mọ́ àyà lábẹ́ kóòtù, mo jókòó, mo di ojú. Nígbà tí mo dé àárín, mo là á. Yéè! Omi ń bú ramúramù lábẹ́ mi, ọ̀wààrà rẹ̀ ń tu sí mi lójú, wáyà ń dún, mo sì rí i pé mò ń kígbe. Kì í ṣe igbe ẹ̀rù mọ́. Rab ní òun gbọ́ mi láti ibi tó dúró, ó sì rò pé wáyà ti já.

Fairlie ti ṣètò ẹṣin fún mi ní òdì kejì. Máìlì mẹ́rìnlá nínú ẹrọ̀fọ̀, ọ̀nà ti ya níbi méjì, mo yí gba orí òkè. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì Ardmuir sọ mẹ́rin àti ààbọ̀ bí mo ti ń so ẹṣin mọ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Prosser wò mí láti fìlà tó ti rẹ dé bàtà tó kún fún ẹrọ̀fọ̀. Mo gbé ìdì lé tábìlì rẹ̀. Ó ń ka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú àtàǹpàkò Tozer, ó ń kà wọ́n sókè: Philadelphia, Thirza, Hester, Bethia. Kò dá ọ̀kan padà!

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta," ó ní. "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

"Tèmi ti wà lọ́dọ̀ yín láti oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà," mo ní.

"Háà, òótọ́ ni. Mo rántí rẹ."

Mo jáde, mo ra búrẹ́dì dídùn ní pẹ́nì kan, mo jẹ ẹ́ lójú títì bí ọmọ ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n Hester ló gbà mí sùn mọ́jú.

Ajé, 20 Nòfẹ́ńbà

Odò ti fà. Gilroy wá sọ̀rọ̀ nílé ìwé, ohùn rẹ̀ há, a pàtẹ́wọ́ títí. Fairlie náà wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, Màmá pàtẹ́wọ́ ju gbogbo èèyàn lọ, ó sì ń wò mí ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Fìlà tuntun kò sí ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, àwọn obìnrin ti rà á tán nítorí ọjọ́ ìdìbò.

Ìṣẹ́gun, 28 Nòfẹ́ńbà

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Oòrùn yọ dáadáa. Nígbà tí a fi dé ilé ìwé, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ti tò dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti sọ fún wa pé àwọn ọkùnrin yóò máa hó lé wa lórí. Irọ́! Wọ́n fọ ojú, wọ́n ya irun, wọ́n ń bá wa di ẹṣin mú. Hester ló kọ́kọ́ wọlé, Tozer sì dúró níta pẹ̀lú ọmọ wọn tó ń ké lọ́wọ́ dúdú rẹ̀. Nígbà tí Hester jáde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, gbogbo wa hó yèè. Thirza Yelland ti rìn láti àná. Philly Baird wọlé, Hugh ń pe orúkọ náà tẹ̀lé e kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ pé òun ti mọ̀ ọ́n.

Ó kàn mí, mo ní Elspeth Kinnaird ni mí. Tíṣà Lusk ló jókòó ti ìwé orúkọ náà. Ó fi ìka tọ́ ọ láti òkè. "Kinnaird, Bethia. Kinnaird, Robert." Ó dúró. Ó ṣí ojú ewé padà. "Elspeth kò sí níbí."

Mo ní kó tún wò ó. Ó tún wò ó. Mo ní kí n wò ó fúnra mi, ó yí ìwé náà sí mi, aláàánú èèyàn.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Mo rí fọ́ọ̀mù náà bí ẹni pé ó wà níwájú mi, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé ẹlẹ́bùn mi: Mísíìsì Robert Kinnaird. Inú dúrọ́ọ̀ ni Prosser jù ú sí, kò sí nínú ìdì, nítorí náà kò bá wọn padà wá. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ti ojúlé dé ojúlé béèrè orúkọ lọ́wọ́ obìnrin, n kò bi ara mi. Prosser tilẹ̀ bi mí! Òmùgọ̀ ni mí, òmùgọ̀ pátápátá!

Mo jáde lọ dúró ti ọgbà. Mo gba ọmọ Hester lọ́wọ́ Tozer, mo gba ọmọ ẹlòmíràn, kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe.  Màmá wà lórí ìlà, ó rí mi, ó yà kúrò lórí rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe níta?"

Mo sọ fún un.  Mo ń retí èébú, mo sì tọ́ sí i.

"Dárúkọ ẹni tí o fẹ́ kí n fagi lé," ó ní.

Orúkọ ẹni tí a kò fẹ́ ni a ń fagi lé nílùú wa, à ń fi èyí tí a fẹ́ sílẹ̀.

"Màmá?"

"Ṣé etí rẹ di ni? Tèmi wà nínú ìwé wọn. Ìwọ lo gun ẹṣin, ìwọ lo la odò kọjá. Dárúkọ rẹ̀, màá fagi lé e, kò sí ẹni tó máa mọ̀."

Ìyá yìí tí kì í fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ bí mo bá ní kó fi í! Ó sì fẹ́ràn Fairlie, mo mọ̀. Ẹnu mi ti là. Orúkọ Fairlie ti wà lórí ahọ́n mi, mo ń ronú nípa afárá, mo ń ronú pé ìbò kan ni ìbò kan. Mo wo ojú rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ló fi dúró kí ẹnì kan tó béèrè ohun tó ń rò.

"Rárá, Màmá," mo ní. "Tiyín ni. Ẹni tó bá wù yín ni kí ẹ fagi lé."

"O gọ̀ gan-an ni," ó ní.

"Mo mọ̀, Màmá."

Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó padà sórí ìlà, ó wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pẹ́ débi pé Lusk ń wúkọ́, Hallinan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ní, "Ṣé oorun ti gbé ìyá lọ ni?" Ohùn Màmá wá láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé: "Mo gbọ́ ẹ o, Cornelius." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Hallinan náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, Lusk jáde wá sọ fún mi pé obìnrin mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló ti dìbò, kò ku ẹnì kan mọ́ nínú àwọn tó wà nínú ìwé. Mo pariwo, àwọn ọmọ ọwọ́ mi jí, àwọn náà pariwo. Mo ń sunkún, mo ń fò sókè, èmi nìkan ni kò dìbò ní gbogbo Glen Orrin, n kò sì rántí ọjọ́ mìíràn tí inú mi dùn tó báyìí. Rab ní òun yóò gbé mi lọ sọ́dọ̀ Prosser lọ́la gan-an kí n wọ ìwé fún ìdìbò ọdún mẹ́ta sí i. Ọjọ́ Ẹtì ni èsì ń bọ̀.

Nínú kẹ̀kẹ́, Màmá jókòó ṣánṣán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bíi ti ọmọge. Mo fara dà á dé orí òkè, kò ṣeé ṣe mọ́.

"Màmá, ta lẹ fagi lé?"

"Ọkùnrin kan," ó ní.